Aago Turin Tó Wà Lára Ògiri Wa

Ilé wa lẹ́bàá òkè,
Apá Iași, ilẹ̀ Romania.
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta.

Otilia, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró, kí ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ti fúyẹ́, kí ìyá arúgbó tí ò ń tọ́jú ní Turin, ní Ítálì, sì ti máa jẹ́ kí o rí oorun sùn. Èmi náà wà. Eékún ń dá mi lóró bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí yìnyín bá ń yọ́, ṣùgbọ́n àwọn adìẹ ti ń yé padà, iná ń jó nínú ààrò, mo sì ní ọ̀dùnkún tí yóò gbé mi dé ìgbà ooru. A dúpẹ́ náà ni.

Ẹnu á yà ọ́ pé lẹ́tà ni mo kọ, nígbà tí fóònù wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù. Bí o bá ti ní "Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?" báyìí, gbogbo ohun tí mo tò sílẹ̀ láti sọ a sá padà sí ọ̀fun mi, màá wá ní mo ti jẹun. Torí náà ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́, kí n fi lé Vasilică lọ́wọ́, ẹni tó ń fi bọ́ọ̀sì kékeré rẹ̀ kó ẹrù wa lọ bá yín ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ méjì àti òru kan ni yóò lò lójú ọ̀nà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ̀ wúwo ju èyí tí à ń fi bàálù rán lọ.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé. Atẹ́gùn wó ọgbà tó wà lápá odò, ọmọ Profira ló bá mi gbé e dìde. Profira fúnra rẹ̀ kí ọ. O mọ ẹnu aládùúgbò wa yẹn: ó ní kí n sọ fún ọ pé aṣọ dúdú tí o wọ̀ níbi ìsìnkú fẹ́lẹ́ jù, pé bóyá àwọn ará Turin ti gbàgbé bí òtútù ṣe ń rí. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti lọ. Ó pé ọjọ́ mọ́kànlélógún lónìí. O rí i pé mò ń fa ọ̀rọ̀ gùn, mi ò tíì fẹ́ dé ibi tí mò ń lọ.

Ọdún mọ́kànlá rèé tí o ti kúrò nílé. Lọ́jọ́ tí o ń lọ, tí mo di ọ́ mú lẹ́nu ọ̀nà tí mi ò fẹ́ fi ọ́ sílẹ̀, o ní: "Màmá, ẹ má sunkún mọ́. Bàálù ni màá wọ̀. Wákàtí méjì ààbọ̀ péré ni." Bàbá rẹ gba ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni gba oyè. O mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Ọdún méjìdínlógójì ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin wa, tí wọ́n ń yí irin kí ọkọ̀ lè gba ọ̀nà tó yẹ, ohun tí a bá sì ti lè fi wákàtí wọ̀n, kì í bà wọ́n lẹ́rù. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbé máàpù àti rúlà sórí tábìlì. Wọ́n ní láti Turin sí Iași, bí ẹyẹ bá fò ó tààrà, ẹgbẹ̀jọ kìlómítà ó dín ọgọ́ta ni. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Bucharest ń lo wákàtí méje, nítorí náà ọmọ àwọn sún mọ́ ilé ju olú ìlú lọ.

Kò sí ẹni tí wọn ò sọ ọ́ fún. Wọ́n sọ ọ́ fún Profira lójú ọgbà, Profira sì ní: "Bàbá Otilia, ẹ rọra o. Ọmọ tèmi tó wà ní Bucharest tó jìnnà yẹn, ó wá lọ́jọ́ Àìkú, ó la igi tí màá dá títí oṣù yóò fi parí. Tiyín tó sún mọ́ yẹn ńkọ́? Ìgbà wo lẹ rí i gbẹ̀yìn?" Bàbá rẹ ní: "Profira, ìwọ ò mọ máàpù kà." Profira ní: "N ò mọ̀ ọ́n kà lóòótọ́, igi tí wọ́n là ni mo mọ̀ ọ́n kà." Ó di ọjọ́ kẹta kí wọ́n tó tún kí i. Otilia, mi ò fi èyí bá ọ jà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lo wá láàárín ọdún mọ́kànlá, mo sì mọ̀ pé ẹni tó ń tọ́jú ìyá ẹlòmíràn kì í rí àyè wá wo tirẹ̀. Mo kàn ń sọ bó ṣe rí ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí o lọ ni wọ́n ra aago tó ní etí búlúù, tí wọ́n gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti wà lára ògiri láti ìgbà ìgbéyàwó wa. Wọ́n fi ti àtijọ́ sí àkókò tibí, wọ́n fi búlúù sí àkókò Turin, tó fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Láti ọjọ́ yẹn, aago Otilia ló ń jẹ́. Mo lè máa yí ọbẹ̀, màá gbọ́ wọn: "Otilia ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹun ọ̀sán báyìí." Wọ́n sì ṣe òfin fún ọ, o rántí? Wọ́n ní: "Aago tìrẹ ni kó o máa sọ fún wa, àwa la máa ṣírò rẹ̀. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kì í ṣírò. Ibùdókọ̀ ló ń ṣírò." O pa òfin yẹn mọ́ dọ́jọ́ ìkẹyìn. Ìwọ kọ́ lo ṣàṣìṣe, kí o fi èyí sọ́kàn bí o bá ti ń kà á lọ.

Nígbà tí dókítà ní Iași ní ká máa gbé wọn lọ sílé, pé ọkàn wọn kò lè ṣiṣẹ́ pẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ àbẹ́là ni wọ́n kọ́kọ́ sọ. Gbogbo wa la mọ ibi tí ẹni tó bá kú láìsí iná lọ́wọ́ ń rìn sí. Inú òkùnkùn ni, yóò máa fọwọ́ wá ọ̀nà tí ojú rẹ̀ kò rí. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé àbẹ́là ìda oyin wà nínú àpótí, èmi ni màá dì í mú fún wọn. Wọ́n ní: "Rárá, Ìyá Otilia. Otilia ni kó dì í mú fún mi. Pè é." Jẹ́ kí n sòótọ́ fún ọ, ó dùn mí. Mo ti fọ aṣọ wọn fún ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, ọjọ́ kan ṣoṣo tí ọwọ́ mi ì bá wúlò fún wọn jù, ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ń wá. Mo jowú ọmọ tí mo bí. Ṣùgbọ́n mo pè ọ́.

Lọ́jọ́rú tí wọ́n lọ yẹn, o pè láti pápákọ̀ òfurufú. Mo gbé fóònù sétí wọn kí àwa méjèèjì lè gbọ́. O ní: "Màmá, mo ti ń wọ bàálù. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ló máa gbéra. Wákàtí méjì ààbọ̀ péré ni, tí mo bá fi wákàtí kan ti takisí kún un, láago méjì mo ti wà lọ́dọ̀ yín. Ẹ ní kí bàbá dúró dè mí." Bàbá rẹ mi orí. Ó ti pé ọjọ́ méjì tí wọn ò ti mi orí fún ẹnikẹ́ni.

Aago méjì tìrẹ, aago mẹ́ta tiwa nìyẹn. Kò sí ilé tó ní ọmọ ní Ítálì lábúlé yìí tí kò mọ ìyẹn. Èmi náà mọ̀ ọ́n, mo ti ń ṣírò rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹrin nìyẹn tí ojú mi kò tíì kan oorun, Profira tí ì bá gbà mí sílẹ̀ fún wákàtí kan ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Aago méjì tí o wí yẹn wọ orí mi, ó jókòó síbẹ̀, mi ò sì bi í léèrè pé aago ta ni.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjì lù níbí, mo wo aago àtijọ́, mo dìde. Ẹrẹ̀ ti gba gbogbo ọ̀nà ilé wa, kò sí takisí tí yóò wọ̀ ọ́, mo sì mọ irú bàtà tí ẹ̀yin ará Turin ń wọ̀. Mo mú bàtà rọ́bà rẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn pé kí n gbé e lọ pàdé ọ lójú títì, kí o má baà fi ìṣẹ́jú kankan ṣòfò nínú ẹrẹ̀. Mo gbé àbẹ́là àti ìṣáná sórí tábìlì létí ibùsùn, kí o lè tàn án bí o bá ti ń wọlé. Mo rò pé ohun gbogbo ni mo ti ṣe bó ṣe yẹ. Bí mo ṣe fẹ́ ṣílẹ̀kùn, bàbá rẹ lajú. Ohùn wọn kò ju afẹ́fẹ́ lọ. Wọ́n ní: "Ìyá Otilia, aago wo lò ń wò?"

Mo gbọ́ wọn dáadáa. Mo ní: "Aago wo ló tún kù téèyàn ń wò? Aago méjì rèé. Ẹ sinmi jàre, ọmọ yín ni mò ń lọ pàdé." Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìkanra. Ó ti rẹ̀ mí, mo sì ṣì ń bínú nítorí ọ̀rọ̀ àbẹ́là. Mo pa ilẹ̀kùn dé, mo lọ. Ẹni tí kò yí ọkọ̀ sí ọ̀nà òdì rí fún ọdún méjìdínlógójì bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, mi ò yí orí padà wo ògiri.

Mo dúró lójú títì pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Takisí kan wá, ó kọjá. Òmíràn wá, ó kọjá. Ọkàn mi ń bú ọ, Otilia. Mo ń wí pé ó ti tún dúró ra nǹkan, pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, pé wákàtí méjì ààbọ̀ rẹ̀ kì í tán. Nígbà tí òtútù wọ eegun mi, mo padà. Aago méjì tibí ti fi ogójì ìṣẹ́jú kọjá.

Mo bá wọn níbi tí ẹ̀mí ti bọ́. Wọ́n ti fi ara yí sí apá tábìlì. Ọwọ́ ọ̀tún wọn kan àbẹ́là, àbẹ́là kò tàn. Páálí ìṣáná wà nílẹ̀, ìṣáná fọ́n káàkiri títí dé ìsàlẹ̀ ibùsùn, ọ̀kan tí a ti fi ha páálí sì ti ṣẹ́ sí méjì. Wọ́n ti gbìyànjú láti tàn án fúnra wọn. Ìgbà yẹn ni mo tó gbójú sókè wo aago búlúù. Ogún ìṣẹ́jú ló kù kí aago méjì lù ní Turin.

Mo kúnlẹ̀, mo ṣa ìṣáná nílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kó wọn sínú ààrò kí o má baà rí wọn. Mo tan àbẹ́là. Mo la ọwọ́ wọn tó ti ń tutù, mo fi àbẹ́là náà sí i, mo fi áńkáṣífù wé e kó má baà ṣubú, mo jókòó. Nígbà tí o wọlé tí ẹrẹ̀ ti dé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ, tí o sọ ara rẹ lulẹ̀ níwájú wọn, mo ní: "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni. Èmi ni mo di iná mú fún wọn. Orúkọ rẹ ni wọ́n pè gbẹ̀yìn." Kò sí òótọ́ kan nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, o rí bàtà rọ́bà lẹ́nu ọ̀nà, o ní: "Màmá, bàtà mi rèé, ẹ ò kúkú gbé e pàdé mi." Mo gbé e padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bóyá o rò pé mi ò gbọ́.

Mo fẹ́ gbé irọ́ yẹn lọ sí ibojì, má rò pé mi ò fẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, tí à ń pín àlìkámà olóyin fún àwọn èèyàn, o gbá mi mọ́ra, o ní: "Ó kéré tán, wọn ò lọ nínú òkùnkùn. Ohun kan ṣoṣo tó ń jẹ́ kí n lè sùn nìyẹn." Mo wí nínú ara mi pé bí irọ́ mi bá ń fún ọmọ mi lóorun, kí irọ́ náà máa wà. Ṣùgbọ́n oorun tìrẹ ni mò ń rò, mi ò ro ti bàbá rẹ. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè wọ yàrá yẹn kí n má ronú pé wọ́n ń fọwọ́ wá ìṣáná níbì kan. Àlàáfíà tí mo fún ọ, lọ́wọ́ wọn ni mo ti jí i.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo jẹ́wọ́ fún Àlùfáà Iustin. Mo rò pé wọ́n á bá mi wí. Wọ́n kàn ní: "Ìyá Otilia, iná tí a kò tàn lọ́jọ́ yẹn, a lè gbé e lọ bá wọn ní òru Àjíǹde. Kí a tàn án nínú ìjọ, kí a má fi dé ilé kankan, ibojì ni kí ó lọ tààrà. Bí atẹ́gùn bá pa á lọ́nà, kí a padà lọ tàn án." Mo ní màá gbé e. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n wo òkè ibi ìsìnkú, wọ́n ní: "Ta ni wọ́n ní kó di iná mú fún àwọn?" Mo ní ìwọ ni. Wọ́n ní: "Ẹ ti dáhùn ara yín nìyẹn."

Ìdí tí mo fi kọ̀wé rèé. Ọjọ́ Àjíǹde ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ díẹ̀. Mo mọ̀ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìsinmi fún ìsìnkú, pé àwọn ọmọ ìyá arúgbó yẹn yóò fajú ro. Mo sì mọ̀ pé bí o bá ka ìwé yìí tán, o lè máà fẹ́ gbọ́ ohùn mi fún ìgbà díẹ̀. O lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n má fi tèmi jẹ bàbá rẹ níyà. Wá gbé iná fún wọn. Wákàtí méjì ààbọ̀ péré ni, ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìgbà kan wà, bí mo bá jókòó, tí mò ń gbìyànjú láti di ẹ̀bi náà lé ọ lórí. Mo ní ká ní o ń gbé nítòsí ni, à bá má nílò oríṣi aago méjì lára ògiri. Kò dúró lórí rẹ, ó ń yọ̀ bọ́. Ìwọ sọ òótọ́, bàálù rẹ kò pẹ́, takisí rẹ kò pẹ́. Bàbá rẹ dúró dè ọ́ títí tí agbára wọn fi tán. Nínú àwa mẹ́ta, èmi nìkan ni kò sí níbi tó yẹ kí n wà.

Kí Ọlọ́run tó rí ọ ní Turin tó sì ń rí mi níbí má ṣe jẹ́ kí ọ̀nà nà mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Kí ọwọ́ tí o fi ń tọ́jú ìyá ẹlòmíràn má rọ. Kí o má ṣe rí ọjọ́ tí wàá di ohun tí mo dì mọ́ra yìí mọ́ra. Bí o bá darúgbó, kí ẹni tí o bá pè tètè dé, kí ẹni tó bá jókòó tì ọ́ sì gbọ́ ohun tí o bá bi í.

Èmi ni ìyá rẹ, tó purọ́ fún ọ, tó sì fẹ́ràn rẹ,
Aglaia.

Mo tún rántí: ẹyin ogún àti ìgò méjì omi kíkan tí à ń fi se ọbẹ̀ wà nínú páálí tí Vasilică gbé wá, tètè tú u. Aago búlúù ṣì wà lára ògiri. Mo fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀, ọwọ́ mi ò gbà. Bí o bá mọ ọjọ́ tí bàálù rẹ máa gbéra, pè mí, bí o kò bá tilẹ̀ fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan yìí, jọ̀ọ́, ìwọ ni kí o ṣírò rẹ̀. Aago tibí ni kí o sọ fún mi. Màá wà lójú títì, bàtà rọ́bà rẹ á wà lọ́wọ́ mi.